Kíndìnrín Méjì: Ìkejì Kì í Ṣe Àpọ̀jù

Ní sáà tó kọjá, nínú kíláàsì ìtumọ̀, olùkọ́ wa ní kí á ka àwọn ẹ̀yà ara tó jẹ́ méjì-méjì, kí á sì sọ orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n. Ojú, etí, apá, ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tó kan kíndìnrín, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní iwe ni orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì Yorùbá ṣe pè é. Àwọn mìíràn ní iwe adìyẹ nìkan làwọn mọ̀. Ibi tí a ti ń jiyàn lọ́wọ́ ni ẹlẹgbẹ́ mi kan ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀kan ní ìlò, kí á pe ìkejì ní ìpamọ́!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa náà rẹ́rìn-ín.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo bínú sí ẹni tó sọ ọ́, nítorí àwàdà lásán ni tirẹ̀. Àmọ́ irú gbólóhùn yẹn gan-an ni àbúrò bàbá mi sọ níbi ìpàdé ẹbí wa lọ́dún tó kọjá, kò sì fi ṣàwàdà rárá. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti pín sí méjì.

Mo ń kọ èyí nítorí mo gbà pé àṣìṣe ló wà nínú gbólóhùn náà. Àṣìṣe ni nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àṣìṣe ni nípa èdè wa, ó sì lè di ìwà ìkà nígbà tí àìsàn bá wọlé.

Bọ̀dá Táyé àti Àǹtí Kẹ́hìndé ni ìbejì ilé wa. Èmi ni Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín wa. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni Bọ̀dá Táyé ń tún ṣe. Ó pẹ́ tí orí ti máa ń fọ́ ọ, tí ara sì máa ń ro ó, oògùn ara ríro ló sì máa ń rà lọ́wọ́ ẹni tó bá rí. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ojú rẹ̀ ń wú ní òwúrọ̀, ó ní ibà ni. Àfi ìgbà tí kò lè gun àkàsọ̀ mọ́ láìmí gúlegúle. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá wa bi dókítà ni pé, "Báwo ni méjèèjì ṣe lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣebí ìdí tí Ọlọ́run fi fún wa ní méjì nìyẹn?"

Ìbéèrè tó dára ni, mo sì ti ka ìwé púpọ̀ lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. A rò pé kíndìnrín kejì dà bí táyà ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún tí awakọ̀ gbé sẹ́yìn mọ́tò, tó ń sinmi títí di ọjọ́ tí ọ̀kan bá jò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti ìgbà tí a ti wà nínú oyún. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń gba ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ kéékèèké wà tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Omi tí àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́ tó nǹkan bíi lítà 180. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méje, ó tún lé díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń tọ̀ kò sábà ju lítà kan sí méjì lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, méjèèjì ló ń lù. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, méjèèjì ló ń bà jẹ́. Bí oògùn ara ríro tí a ń lò lálòjù bá ń pa wọ́n lára, kò ní yan ọ̀tún kó fi òsì sílẹ̀. Méjì tí a ní lè gbà wá lọ́wọ́ jàǹbá, bí ọgbẹ́ tàbí kókó jẹjẹrẹ bá mú ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn tó ń pa kíndìnrín jù lọ kì í ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kíndìnrín lè dín kù gan-an kí ara tó fura. Kì í dun ènìyàn, kì í sì í pariwo.

Àwọn ẹ̀yà ara méjì-méjì yòókù náà kò bá èrò ìpamọ́ yẹn mu. Ojú méjì la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí wa tó. Ẹni tó bá di ojú kan, tó fẹ́ ti okùn bọ ihò abẹ́rẹ́, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Etí méjì la fi ń mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀, nítorí ohùn tètè ń dé etí kan ju ìkejì lọ ní ìwọ̀n tó kéré jọjọ, ọpọlọ sì ń ka ìyàtọ̀ náà. Bí a bá dúró níwájú dígí, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ́ wa po láàárín, tí ọ̀tún bá òsì dọ́gba. Nínú, kò dọ́gba. Ọkàn fì sí òsì. Ẹ̀dọ̀ wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún pín sí mẹ́ta, ti òsì pín sí méjì. Kíndìnrín ọ̀tún sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ díẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ tó wà lókè rẹ̀. Kódà bí wọ́n bá fẹ́ gba kíndìnrín lára ẹni tó fi tọrẹ, ti òsì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà ń fẹ́, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ gùn ju ti ọ̀tún lọ, ó sì rọrùn láti rán mọ́ ara ẹlòmíràn. Nítorí náà, àwọn méjì yìí kì í ṣe ẹ̀dà ara wọn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Kí ni à ń pè ní ìkejì? Ẹni tí a bá fẹ́ là ń pè ní ìkejì wa. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń rìn là ń pè ní ìkejì wa. Kò sí ẹni tó ń pe bàtà òsì ní ìpamọ́ bàtà ọ̀tún. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Wọn kò sọ pé òsì dúró síbẹ̀ de ọjọ́ tí ọ̀tún bá gé.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìpàdé ẹbí. Dókítà ti sọ fún wa pé ọ̀nà méjì ló wà: kí Bọ̀dá Táyé máa lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tàbí kí ẹnì kan fún un ní kíndìnrín. Àbúrò bàbá mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ó kọjú sí Àǹtí Kẹ́hìndé, ó ní, "Ẹ jọ sùn nínú ikùn kan náà ni. Ìwọ lẹ̀gbọ́n, ìwọ lo rán an wá tọ́ ayé wò. Méjì ló wà lára rẹ, ọ̀kan tó ọ lò. Kí lo fẹ́ fi ìkejì ṣe?"

Àǹtí Kẹ́hìndé sunkún, ó sì ní òun kò lè ṣe é. Ó ní àwọn ọmọ òun ṣì kéré. Wọ́n bú u. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ìbejì tó bá kọ ìkejì rẹ̀ kò ní rí ojú rere. Láti ọjọ́ náà, màmá wa kì í gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n fi ń mú un, pé ìbejì ni wọ́n, kò tilẹ̀ rí bí wọ́n ṣe rò. Òótọ́ ni pé ìbejì ni ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere láyé ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi sí ara ìbejì rẹ̀, Richard. Richard tún lo ọdún mẹ́jọ sí i. Ronald tó fi kíndìnrín tọrẹ gbé ayé títí di ọdún 2010, ó sì jẹ́ ẹni ọdún 79 nígbà tó kú. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì ni wọ́n ti bí Ronald àti Richard, ìdí nìyẹn tí ara Richard kò fi mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì tí Yorùbá ń bí, inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ọkùnrin ni Táyé wa, obìnrin ni Kẹ́hìndé wa, nítorí náà ẹyin méjì ni. Lójú ìmọ̀ ìṣègùn, bí ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ṣe bára mu ni wọ́n bára mu, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló wà pé ara wọn yóò bára mu pátápátá, bákan náà ló sì rí fún èmi Ìdòwú.

Mo ní kí wọ́n yẹ èmi wò. Mo fẹ́ ṣe é, mi ò purọ́. Mo ti kà á pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ọ̀kan, èyí tó kù máa ń tóbi sí i, á sì máa ṣe iṣẹ́ tó tó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí méjèèjì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú kíndìnrín kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí àyẹ̀wò mìíràn bá gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n yẹ̀ wò fínnífínní, lè fi ọ̀kan tọrẹ kó sì gbé ayé rẹ̀ dáadáa.

Ìfúnpá mi jẹ́ 150 lórí 100. Wọ́n ní kí n sinmi, wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà ni. Purotéènì wà nínú ìtọ̀ mi. Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà náà, kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Dókítà ní, "Ìdòwú, lọ tọ́jú méjì tó wà lára rẹ ná."

Nígbà tí mo délé, gbogbo ẹbí ń bá mi kẹ́dùn. "Pẹ̀lẹ́, o ti gbìyànjú." Bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń bú Àǹtí Kẹ́hìndé. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí òun nígbà oyún kejì, àti pé òun kò fẹ́ kí gbogbo ẹbí máa jíròrò lórí ara òun. Ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún wà lára ohun tí dókítà máa ń wò kí wọ́n tó gba kíndìnrín obìnrin. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ gbà láti fún un. Àmọ́ mi ò fẹ́ fi èyí gbèjà rẹ̀. Ká ní kò ní ìdí kankan, ká ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń bà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì ni láti sọ pé rárá. Ẹ̀bùn tí a kò lè kọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, ìṣákọ́lẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìran Yorùbá kì í dá jẹ, wọ́n á ní bí ọmọ ìyá kò bá gba ọmọ ìyá, ta ni yóò gbà á? Mo gbà pé kí á béèrè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ lè fara mọ́ ìdáhùn. Nígbà tí a bá ti gbà pé ìkejì jẹ́ àpọ̀jù, a kò ní béèrè mọ́, a ó máa gba gbèsè ni. Láti ibẹ̀ sí ọjà kò jìnnà. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà ní Èkó lọ sí Ìlú Ọba kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló ń ṣàìsàn. Ìfẹ́ òbí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì mọ irú ìrora yẹn. Síbẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ló parí sí fún bàbá náà. Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn ta ẹ̀yà ara tàbí kó gbowó lé e, yàtọ̀ sí owó tó ná gan-an nítorí ìtọrẹ náà.

Ohun kan tún wà tó kan àwa gan-an. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé irú jíìnì APOL1 kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára àwọn tó ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ bàbá la ti ń gba ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ìyá la ti ń gba ìkejì. Wọ́n gbà pé irú jíìnì yìí tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti kojú àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ewu àìsàn kíndìnrín rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹbí tí ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé àwọn ọmọ yòókù ní kíndìnrín tó pọ̀ jù.

Ohun mẹ́ta ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìpààrọ̀ kíndìnrín máa pe ẹni tó fẹ́ fi tọrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìsí ìyá, láìsí ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n bi í bóyá ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Bó bá ní rárá, kí wọ́n kàn sọ fún ẹbí pé kò yẹ fún un, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé. Nílé wa, iwájú èrò mọ́kànlá ni wọ́n ti bi Àǹtí Kẹ́hìndé.

Ìkejì, iṣẹ́ wa nìyí, ẹ̀yin ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tí wọ́n fún mi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá wa ní ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo sì fo àwọn ibi tí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Bí a bá lè jiyàn fún odidi wákàtí kan lórí iwe àti kíndìnrín, a lè jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kí á túmọ̀ ojú ìwé mẹ́rin sí Yorùbá tí ìyá arúgbó yóò gbọ́. Mo bẹ olùkọ́ wa pé kó jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá fún sáà tó ń bọ̀.

Ìkẹta, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wíwọn ìfúnpá kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde, tí ẹ máa ń bi wá lọ́dọọdún pé kí ni kí ẹ fi ta ẹ̀ka yìí lọ́rẹ, ẹ rà wá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n-ìfúnpá méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni Bọ̀dá Táyé ń lọ síbi ẹ̀rọ, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ọjọ́ Ẹtì méjì sẹ́yìn, mo bá Àǹtí Kẹ́hìndé níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bára wọn jà lórí bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bọ̀dá Táyé ti sọ fún màmá wa pé kó pe ọmọ rẹ̀. Màmá kò tíì pè é. Mo ń retí rẹ̀.

Èmi náà ń lo oògùn mi lóòjọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ọ̀sẹ̀ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́, èmi àti nọ́ọ̀sì kan yóò wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí ẹ tó wọlé lọ wo ijó, ẹ na apá yín sí wa. Apá ọ̀tún tàbí ti òsì, èyí tó bá wù yín.